Nígbà Tí Olùyẹ̀wò Ilé Bá Béèrè Ohun Tí Kò Tọ́

Orí yìí wà fún ìwọ ayàwòrán-ilé tí o ń ṣiṣẹ́ ní Parakou, ní ilẹ̀ Benin. O ti yàwòrán, mẹrí, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba ìlú, ti tẹ̀ ẹ́ ní òǹtẹ̀, bíríkìlà ti gbé ilé dé òkè fèrèsé. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù, ó wọlé, ó na ìka sí òpó kan, ó ní, "Ẹ wó eléyìí." Ohun tí wàá ṣe ní wákàtí yẹn, ohun tí wàá ṣe lọ́jọ́ kejì, àti ohun tí o kò gbọdọ̀ ṣe rárá ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ níbí.

Di èyí mú kí a tó bẹ̀rẹ̀: ọ̀rọ̀ tó ṣì wà lẹ́nu olùyẹ̀wò kò tíì ṣeé dáhùn. Ìgbà tó bá wọ inú ìwé, tí orúkọ àti ọjọ́ wà lórí rẹ̀, ni ènìyàn lè gbà á, tàbí kó ta kò ó. Nítorí náà, iṣẹ́ rẹ ni láti gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn kí o gbé e sórí ìwé, láìbínú, láìrí ẹnikẹ́ni fín. Ohun kan ṣoṣo ni kì í dúró de ìwé: ewu. Màá padà sórí ìyẹn.

Ohun tí o gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́

Parakou jìnnà sí Kútọnu ní kìlómítà tó lé ní irínwó. Bí wàhálà bá dé láàárọ̀, kò sí bí ìwé tó wà ní Kútọnu ṣe máa gbà ọ́ kí ọ̀sán tó pọ́n. Kó àwọn nǹkan wọ̀nyí sí ojú iṣẹ́ kí wọ́n tó da kọnkéré àkọ́kọ́:

– Fáìlì ojú iṣẹ́: ẹ̀dà ìwé àṣẹ ìkọ́lé, ìyẹn permis tí gbogbo wa ń pè é; gbogbo àwòrán tó ní òǹtẹ̀ mẹrí; ìṣirò ẹnjiníà; àbájáde àyẹ̀wò ilẹ̀; ìwé ilẹ̀ onílé. Ẹ̀dà ni o, má gbé ojúlówó wá síbi tí sìmẹ́ńtì wà.

– Ìwé àkọsílẹ̀ ojú iṣẹ́, cahier de chantier. Kó nípọn, kí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí ẹnikẹ́ni má fa ọ̀kan ya nínú rẹ̀. Ìwé tí wọ́n ti fa ojú ewé ya kò ní ẹ̀rí kankan lára mọ́.

– Òfin fúnra rẹ̀, ní títẹ̀. Décret nọ́ńbà 2014-205 ti ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2014 lórí ìwé àṣẹ ìkọ́lé, àti òfin ilẹ̀ nọ́ńbà 2013-01 ti ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2013 pẹ̀lú àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí i ní 2017. Kí o tó tẹ̀ wọ́n, wádìí bóyá àtúnṣe mìíràn ti jáde. Fi bírò sàmì sí ibi tó kan ilé rẹ.

– Téèpù ìwọ̀n méjì, kúkúrú àti gígùn, lẹ́fẹ́ẹ̀lì, fóònù tí ọjọ́ àti aago rẹ̀ pé.

– Àbájáde ìdánwò kọnkéré, bí o bá ti ṣe é. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí kò ní ìdánwò kankan, bóyá ni wàá fi rí ohun tí wàá fi gbèjà ara rẹ.

– Àṣíborí méjì fún àlejò. Olùyẹ̀wò tó bá wọ ojú iṣẹ́ rẹ láìdé nǹkan sórí, tí búlọ́ọ̀kù bá já lù ú, ẹrù rẹ ni.

– Pátákó níta, tí nọ́ńbà ìwé àṣẹ, orúkọ rẹ àti orúkọ onílé hàn lórí rẹ̀ ketekete. Ọ̀pọ̀ ìbẹ̀wò tó le ló bẹ̀rẹ̀ nítorí pé wọn ò rí pátákó.

– Nọ́ńbà fóònù ẹnjiníà, ti awọnlẹ̀, ti agbẹjọ́rò kan, àti ti ẹlẹgbẹ́ rẹ kan nínú ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán-ilé àti olùfètò-ìlú, ONAUB.

Fi ìjókòó sí abẹ́ ibòji, kí o sì ní omi tútù. Omi ni a kọ́kọ́ ń fún àlejò nílùú wa. Omi kì í ṣe àbẹ̀tẹ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: mọ ẹni tó dé

Kì í ṣe ọ̀nà kan ni gbogbo wọn ti ń wá. Ẹ̀ka iṣẹ́ ẹ̀rọ ti mẹrí lè wá wò ó bóyá ohun tí o ń kọ́ bá àwòrán mu. Ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìgbé-ayé àti àyíká ní ìpínlẹ̀ Borgou lè wá. Ọlọ́pàá àyíká lè wá nítorí omi ìdọ̀tí tàbí pàǹtí. Panápaná ní tiwọn, olùyẹ̀wò ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní tirẹ̀, bureau de contrôle, ilé-iṣẹ́ àyẹ̀wò tí onílé fi owó ara rẹ̀ gbà, sì ní tirẹ̀. Ẹni tó wá nítorí pàǹtí kò ní àṣẹ lórí irin òpó. Bí o kò bá mọ ibi tó ti wá, o kò ní mọ ibi tí agbára rẹ̀ parí sí.

Béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá. Ẹ mu omi. Ẹ jọ̀wọ́, kí n lè kọ ìbẹ̀wò yín sínú ìwé wa bó ti yẹ, orúkọ yín ńkọ́, ẹ̀ka wo lẹ ti wá, ẹ sì jẹ́ kí n rí ìwé tí wọ́n fi rán yín." Òṣìṣẹ́ tó wá lọ́nà tó tọ́ kò ní bínú sí èyí. Bí ó bá fa ojú ro, tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì ní ohùn jẹ́jẹ́, má sì wí nǹkan mìíràn.

Ẹ lè fi Bàátọ̀nú, Dendi tàbí Yorùbá kí ara yín, kí ọkàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá kan ìwọ̀n àti àṣẹ, ẹ padà sí Faransé, nítorí òun ni àwòrán àti òfin fi kọ. Mo ti rí ibi tí bíríkìlà ti túmọ̀ "ẹ fi kún un" sí "ẹ tú u ká", tí wọ́n sì tú u ká lóòótọ́.

Má ṣe dá wọ inú yàrá kankan pẹ̀lú rẹ̀. Kí fọ́ọ̀mán rẹ tẹ̀lé yín káàkiri.

Ìgbésẹ̀ kejì: gbọ́ ọ tán

Má já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Jẹ́ kó sọ ọ́ tán, kí o wá bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Kí lẹ rí? Kí lẹ fẹ́ kí a ṣe? Ibo ni àwòrán tàbí òfin ti sọ bẹ́ẹ̀? Lẹ́yìn náà, tún ìdáhùn rẹ̀ sọ fún un bí o ṣe gbọ́ ọ, kí o sì kọ ọ́ sínú ìwé lójú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ti rí i tí ìbéèrè kẹta nìkan mú kí "ẹ wó eléyìí" di "ẹ kàn tún ibí yìí wò". Ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ń kọ ohun tí òun ń sọ sílẹ̀ yóò túbọ̀ ronú kó tó sọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ewu ni kí o kọ́kọ́ wò

Bí olùyẹ̀wò bá sọ pé nǹkan lè wó, pé iná lè ràn, pé ènìyàn lè já bọ́, má tíì bi ara rẹ bóyá ó ní àṣẹ láti sọ bẹ́ẹ̀. Kó àwọn òṣìṣẹ́ kúrò lábẹ́ ibẹ̀. Pe ẹnjiníà. Wò ó fúnra rẹ. Bí o bá rí i pé kò sí ewu, wákàtí méjì péré lo pàdánù.

Mo ń sọ èyí nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ó jẹ́ àárín òjò, oṣù kẹjọ, a sì ti to pákó àti irin dẹ́kìn tán, a fẹ́ da kọnkéré láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Olùyẹ̀wò kan dé ní ọ̀sán, ó ní kí a má dà á, pé àwọn igi tó gbé pákó ró dúró lórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dí kòtò. Mo gbà pé owó ló ń wá. Mo bá a jiyàn títí oòrùn fi wọ̀. Òjò rọ̀ lóru ọjọ́ yẹn, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, igi mẹ́ta ti rì, pákó ti dà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ká ní kọnkéré ti wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ tó ń rù ú, n kò mọ ohun tí ǹ bá máa sọ fún ìyá wọn. Ọkùnrin náà padà wá, ó wò ó, kò sọ nǹkan kan, kò sì béèrè kọ́bọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ìbéèrè tó bí mi nínú àti ìbéèrè tí kò tọ́ kì í ṣe ohun kan náà.

Ní Èkó, ní Ikoyi, ilé alájà mọ́kànlélógún kan wó lójú ọ̀nà Gerrard ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 2021, ó sì pa ènìyàn tó lé ní ogójì. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣàyẹ̀wò ilé ti ti ibẹ̀ pa ní oṣù díẹ̀ ṣáájú kí wọ́n tó tún ṣí i, ilé-iṣẹ́ ẹnjiníà kan sì ti kọ̀wé yọwọ́ nínú iṣẹ́ náà ní 2020. Rántí ilé yẹn nígbàkigbà tí onílé bá ń sọ fún ọ pé gbogbo olùyẹ̀wò ló kàn ń dí ènìyàn lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ya ìbéèrè náà sọ́tọ̀

Nígbà tí ewu bá ti kúrò nílẹ̀, jókòó, kí o bi ara rẹ irú ìbéèrè tí èyí jẹ́. Ṣé òfin tàbí àwòrán tó ní òǹtẹ̀ ló sọ ọ́? Ṣé ohun tí olùyẹ̀wò fúnra rẹ̀ kàn fẹ́ràn ni? Ṣé owó ló ń fẹ́? Ìdáhùn rẹ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ síra.

Bí òfin bá sọ ọ́, ṣe é, kódà bí ó bá dùn ọ́. Ọ̀rọ̀ ààlà ojú títì ló máa ń fa èyí jù. Olùyẹ̀wò á ní ògiri rẹ ti wọ ojú ọ̀nà. Má bá a jiyàn lórí ojú lásán, má sì fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n. Pe awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ, kó wá àwọn òkúta ààlà rí, kó fi ìwọ̀n tó wà nínú ètò ìpín ilẹ̀ àdúgbò náà wé e. Bí ògiri rẹ bá ti wọlé lóòótọ́, ó sàn kí o wó mítà mẹ́wàá búlọ́ọ̀kù lónìí ju kí katakata wá wó yàrá iwájú lọ́dún mẹ́ta sí i. Bí kò bá wọlé, ìwé awọnlẹ̀ yóò jà fún ọ.

Ohun tí olùyẹ̀wò fẹ́ràn ló nira jù, nítorí ó máa ń jọ ọgbọ́n. Àpẹẹrẹ kan: ó ní kí ẹ lo àpò sìmẹ́ńtì mẹ́wàá fún mítà kúbíìkì kan kọnkéré òpó. Ohun tí a mọ̀ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa fún kọnkéré onírin ni kílò 350, ìyẹn àpò méje oníkílò 50. Mẹ́wàá jẹ́ kílò 500. Onílé tó bá gbọ́ á rò pé bí sìmẹ́ńtì bá ti ń pọ̀ sí i ni ilé á máa le sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Sìmẹ́ńtì tó pọ̀ jù máa ń gbóná bó ti ń gan, ó sì máa ń sún kì bó ti ń gbẹ, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí atẹ́gùn ń fa omi jáde lára ohun gbogbo ní Parakou, ibẹ̀ ni ìlà á ti bẹ̀rẹ̀ sí í là. Kò sí ìdí láti sọ fún olùyẹ̀wò pé kò mọ iṣẹ́. Wí fún un pé, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí a da kọnkéré sínú ago ìdánwò níwájú yín, kí a fọ́ ọ ní ọjọ́ keje àti ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Bí agbára rẹ̀ kò bá tó ohun tí ẹnjiníà kọ, a ó ṣe ohun tí ẹ wí." O ti gbé ìdájọ́ kúrò lọ́wọ́ ìwọ àti òun, o fi í lé ẹ̀rọ ìdánwò lọ́wọ́. Ojú kò sì ti ẹnikẹ́ni.

Àpẹẹrẹ kejì léwu ju ti àkọ́kọ́. Òpó rẹ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà ogún lọ́nà méjèèjì, irin mílímítà 12 mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀ bí ẹnjiníà ṣe ṣírò ó. Olùyẹ̀wò ní kí ẹ fi mílímítà 16 mẹ́jọ sí i, "kó lè le". Níbi tí irin ìsàlẹ̀ àti ti òkè ti so pọ̀, irin di méjì-méjì. Bí o bá yọ ìbòrí kọnkéré àti irin tó di wọ́n kúrò, àlàfo tó kù láàárín wọn kò tó mílímítà 25. Òkúta wẹ́wẹ́ rẹ kò ní kọjá. Á há sókè, ihò á wà nínú òpó nísàlẹ̀, ibi tí ẹrù ti wúwo jù gan-an. Ìyẹn ni pé ohun tí wọ́n pè ní àfikún agbára ti di àìlera. Irú àyípadà báyìí, má ṣe é nítorí àlàáfíà, kódà bí irin bá wà nílẹ̀, kódà bí onílé bá ní òun á san án. Ẹnjiníà nìkan ló lè yí irin padà, pẹ̀lú ìṣirò tuntun tó fọwọ́ sí.

Ṣùgbọ́n bí ohun tó fẹ́ràn kò bá pa ilé lára, tí kò sì wọ́n, tí kò yí àwòrán padà, bíi kí ẹ fi ọ̀pá ìdìmú kún àtẹ̀gùn, tàbí kí ẹ gbé ìdérí kòtò ìgbẹ́ síbi tí ọkọ̀ lè dé, fún un. Parakou kò tóbi tó bí o ṣe rò. Ìwọ àti ẹni yìí á tún pàdé ní ọjà Arzèkè, ní mọ́ṣáláṣí, níbi ìkómọ. Fi agbára rẹ pamọ́ fún ibi tó ṣe pàtàkì.

Ẹni tó bá ní kí o lọ ra irin tàbí sìmẹ́ńtì ní ṣọ́ọ̀bù kan pàtó ti jáde kúrò nínú iṣẹ́ ìyẹ̀wò. Béèrè irú ohun tó fẹ́, ìwọ̀n rẹ̀, àti ìwé ẹ̀rí tó yẹ kó ní. Ibi tí wàá ti rà á, tìrẹ ni.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: gbé e sórí ìwé lọ́jọ́ náà gan-an

Bí olùyẹ̀wò bá kọ PV (procès-verbal), ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀ ìbẹ̀wò tirẹ̀, kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí o tó fọwọ́ sí i. Fífọwọ́sí láti fi hàn pé ìwé náà dé ọwọ́ rẹ yàtọ̀ sí fífọwọ́sí láti fi hàn pé o fara mọ́ ọn. Kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ: "ìwé yìí ti dé ọwọ́ mi, n kò tíì fara mọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀," kí o sì gba ẹ̀dà.

Bí kò bá fẹ́ kọ nǹkan kan, ìwọ ni wàá kọ ọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ẹ̀ka tó ti wá. Faransé ni wàá fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe máa lọ nìyí:

"Ní òní, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, òṣìṣẹ́ yín wá sí ojú iṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ nọ́ńbà báyìí. A dúpẹ́ fún ìbẹ̀wò náà. Wọ́n ní kí a fi kún irin òpó kẹrin sí ìkẹsàn-án. Àwòrán tí ẹ tẹ̀ ní òǹtẹ̀ fi irin mẹ́rin hàn, ìṣirò ẹnjiníà sì wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. A ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró lórí àwọn òpó wọ̀nyẹn nìkan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìdí àtúnṣe náà àti òfin tó dúró lé ránṣẹ́ sí wa. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹnjiníà wa pàdé yín níbẹ̀, a ṣe tán ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

Kíyè sí ohun tí kò sí nínú rẹ̀: kò sí èébú, kò sí ẹ̀sùn, kò sí orúkọ òṣìṣẹ́ náà bí ẹni tó ṣẹ̀. Tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì, gbé e lọ sí ọ́fíìsì akọ̀wé ní mẹrí, fi ọ̀kan sílẹ̀, kí wọ́n lu ìkejì ní òǹtẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́. Décharge ni wọ́n ń pè é. Lẹ́tà tí kò ní décharge dà bí lẹ́tà tí o kò kọ. Má fi WhatsApp rọ́pò rẹ̀. O lè fi WhatsApp sọ fún wọn pé o ti mú un wá.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bí wọ́n bá ní kí iṣẹ́ dúró

Dúró. Bí o bá tilẹ̀ mọ̀ dájú pé àṣẹ náà kò tọ́, má fi òru ṣiṣẹ́, má sì ti géètì kí àwọn bíríkìlà máa bá a lọ nínú. Ẹni tó rú àṣẹ ìdádúró ti fi ẹjọ́ tó lè jàre lé ọ̀tá lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ dídúró kì í ṣe kí gbogbo nǹkan kàn wà bẹ́ẹ̀. Ibi tí ènìyàn ti ń kú nìyí, nítorí ojú iṣẹ́ tí wọ́n pa tì lè léwu ju èyí tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Kí olùyẹ̀wò tó kúrò, béèrè pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú PV pé ẹ lè ṣe iṣẹ́ ìdáàbòbò. Ohun tó wà nínú ìyẹn nìwọ̀nyí: kí ẹ máa bomi rin kọnkéré tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dà, ọjọ́ méje ó kéré tán, pàápàá nígbà ọyẹ́, kí igi tó gbé dẹ́kìn ró wà níbi tí ó wà, kí ẹnikẹ́ni má yọ ọ̀kan, kí ẹ bo orí irin tó yọ sókè, kí ọmọdé má já lé e, kí ẹ fi pákó bo kòtò ìgbẹ́ àti kòtò ìpìlẹ̀, kí ẹ sì ṣọgbà yí i ká, kí ẹ gé iná mànàmáná ojú iṣẹ́, kí ọlọ́dẹ wà níbẹ̀.

Bí wọ́n bá dé nígbà tí ẹ ń da kọnkéré lọ́wọ́, ìyẹn gba ìṣọ́ra. Dẹ́kìn tí wọ́n dá dúró láàárín láìsí ètò yóò ní ojú ìsopọ̀ tó rọ, omi á gba ibẹ̀ wọlé. Ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn, kí ẹ dé ibi ìdúró tí ẹnjiníà ti sàmì sí. Kí àmì yẹn ti wà lórí àwòrán kí ẹ tó po àpò àkọ́kọ́. Bí ó bá jẹ́ ewu wíwó ni wọ́n ń sọ, gbàgbé ojú ìsopọ̀, kó àwọn ènìyàn sọ̀ kalẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: bí ọ̀rọ̀ bá di ti owó

Kì í sábà wá ní gbangba. Á ní epo ti tán nínú alùpùpù, tàbí pé "ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é". Òfin nọ́ńbà 2011-20 ti ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ọdún 2011 lòdì sí ìwà ìbàjẹ́ mú ẹni tó fún àti ẹni tó gbà. Ìwọ tí o ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ lo ní ohun tó pọ̀ jù láti pàdánù.

Dá a lóhùn bí ẹni tí kò gbọ́ èyí tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀: "Ọ̀gá, bí owó kan bá wà tó yẹ kí a san, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kọ ìwé rẹ̀, màá lọ san án ní káṣì mẹrí lọ́la, màá sì gba rìsíìtì." Lẹ́yìn náà, dákẹ́. Má ṣàwàdà lórí rẹ̀, má wàásù. Ẹni tó kàn ń dán ọ wò á rí ọ̀nà láti yí i padà sí ọ̀rọ̀ mìíràn, o sì ti fi ọ̀nà yẹn sílẹ̀ fún un.

Onílé lè fẹ́ san án lẹ́yìn rẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ oníṣòwò tó gbà pé ọjọ́ kan tí iṣẹ́ bá fi dúró ń jẹ owó ju àpò ìwé kan lọ. Bá a sọ̀rọ̀ kí ìbẹ̀wò tó ṣẹlẹ̀, nígbà tí ara rẹ̀ ṣì balẹ̀. Sọ fún un pé ẹni tó bá san án lẹ́ẹ̀kan yóò máa san án ní ìpìlẹ̀, ní dẹ́kìn, ní òrùlé, àti nígbà ìwé ẹ̀rí ìparí iṣẹ́, àti pé bí àléébù gidi bá wà, owó náà ló máa bò ó mọ́lẹ̀ títí ilé á fi ṣí i fúnra rẹ̀. Kọ ọ́ sínú àdéhùn yín pé bó bá san irú owó bẹ́ẹ̀, o lè yọwọ́. Bó bá sì ṣe é, yọwọ́ pẹ̀lú lẹ́tà.

Bí wọ́n bá ń halẹ̀ mọ́ ọ nítorí pé o kò san, ó ti kọjá ohun tí ìwọ nìkan lè gbé. Fi tó ẹgbẹ́ rẹ àti agbẹjọ́rò létí kí o tó lọ bá àwọn agbófinró. CRIET, ilé-ẹjọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2018 fún ẹ̀ṣẹ̀ ọrọ̀ ajé, ń gbọ́ irú ẹjọ́ báyìí. Ẹjọ́ tí kò ní ẹ̀rí lè padà sórí ẹni tó gbé e wá.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: gòkè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan

Bí lẹ́tà rẹ kò bá rí èsì, tàbí bí èsì náà bá burú, ọ̀gá olùyẹ̀wò lo máa kọ́kọ́ lọ rí, pẹ̀lú ẹnjiníà àti fáìlì. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ń parí níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, kọ̀wé sí mẹrí, kí wọ́n yí ìpinnu náà padà. Láti ibẹ̀, ó lè dé ọ̀dọ̀ préfet Borgou, tó ń bójú tó iṣẹ́ àwọn ìjọba ìlú, ọ́fíìsì rẹ̀ sì wà ní Parakou níbí. Médiateur de la République náà ń gba ẹ̀sùn ẹni tí ọ́fíìsì ìjọba fìyà jẹ. Kọ́ọ̀tù ló kẹ́yìn. Ní ti kọ́ọ̀tù, ọjọ́ ni kí o ṣọ́: o gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ṣe ìpinnu náà, oṣù méjì ni a sì máa ń kà. Jẹ́ kí agbẹjọ́rò kà á, kí o má kà á fúnra rẹ. Gba décharge lórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bíi ti ìgbésẹ̀ karùn-ún, nítorí òun ni ẹ̀rí ọjọ́ tí o kọ̀wé.

Má fo ìpele kankan. Ẹni tó lọ bá préfet láì tíì rí ọ̀gá ẹ̀ka ti sọ ọ̀gá tó lè ràn án lọ́wọ́ di ọ̀tá.

Ọ̀ràn kan wà tí kò gbọdọ̀ gba ọ̀nà gígùn yìí: bí wọ́n bá ní kí o wó nǹkan lónìí. Ohun tí wọ́n bá wó kò ṣeé dá padà. Ní kí wọ́n fún ọ ní ìwé, pe agbẹjọ́rò níbẹ̀, ya fọ́tò gbogbo igun, wọ̀n ọ́n, kí o sì bẹ̀bẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kí ẹnjiníà mìíràn, tí kò mọ ìwọ tàbí àwọn, wá wò ó.

Àwọn àṣìṣe tí mo ń rí jù

Kí ayàwòrán pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní ìjọba kó tó ṣí fáìlì. Bí ìpè yẹn bá tilẹ̀ ṣiṣẹ́, olùyẹ̀wò á padà wá lórí ilé rẹ tó kàn.

Kí o ya fídíò olùyẹ̀wò kí o gbé e sórí Facebook. Òfin ìmọ̀ ẹ̀rọ ayélujára tó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2018 lè mú ọ fún un. Ya ògiri, má ya ojú.

Kí o yí ohun tí o ń kọ́ padà lójú iṣẹ́ láìyí àwòrán tó ní òǹtẹ̀ padà. Èyí ló wọ́pọ̀ jù, ẹ̀bi rẹ sì ni. O sún àtẹ̀gùn sẹ́yìn nítorí onílé bẹ̀ ọ́, o kò gbé àwòrán tuntun lọ sí mẹrí. Olùyẹ̀wò dé, ó ní kí o wó àtẹ̀gùn, o pè é ní aláìmọ̀kan. Òun ló jàre.

Kí o bínú níwájú àwọn òṣìṣẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, wọn ò ní bọ̀wọ̀ fún olùyẹ̀wò, wọn ò sì ní gbọ́ ọ nígbà tó bá kígbe pé kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀.

Lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ bá parí

Yálà o jàre tàbí o kò jàre, kọ bó ṣe parí sínú ìwé ojú iṣẹ́, kí o sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì tó wá. Bí olùyẹ̀wò bá tọ́, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀. Pa fáìlì náà mọ́ fún ọdún mẹ́wàá ó kéré tán, nítorí títí di ìgbà yẹn ni wọ́n ṣì lè pè ọ́ sí ìdáhùn lórí ilé tí o gbé kalẹ̀. Ya fọ́tò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀dà kan wà ní ọ̀dọ̀ ẹnjiníà. Dì í sínú ọ̀rá, gbé e sórí pẹpẹ irin tí kò kan ògiri, tí kò sì kan ilẹ̀. Ikán Parakou kì í pẹ́ rí ìwé, tí òjò bá sì ti bẹ̀rẹ̀, wò ó lẹ́ẹ̀kan lóṣù.